Siena: Ìlú Tí Àwọn Onílé Kò Fi Sílẹ̀ fún Àlejò

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú àpéjọ. Mo kí ẹ̀yin àgbà, mo kí ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìrìn-àjò afẹ́ ní Ítálì. Mo mọ̀ pé Róòmù, Venice tàbí Florence ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí kí n dárúkọ. Àwọn ìlú wọ̀nyẹn lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n láwọn òpópónà kan níbẹ̀, àlejò ti pọ̀ ju onílé lọ. Siena ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lónìí. Agbègbè Tuscany ló wà, nǹkan bí 70 kìlómítà sí gúúsù Florence. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò tó 60,000. Láti 1995 ni UNESCO ti ka àárín ìlú náà mọ́ ogún gbogbo ayé.

Kí n tó máa tọ́ka sí ilé àti àwòrán, ohun kan wà tí mo fẹ́ fi gbogbo ẹnu sọ. Ní Siena, àwọn ohun àtijọ́ tí ẹ ó lọ wò ṣì ní àwọn tó ni wọ́n, àwọn tó ni wọ́n sì ń lò wọ́n lójoojúmọ́. Ẹni tó bá wo òkúta, tí kò wo àwọn tó ń tọ́jú òkúta náà, ìdajì ìlú ló rí. Bọ́ọ̀sì máa ń já èrò sílẹ̀ níbẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á ya fọ́tò ní gbàgede, wọ́n á jẹ áásìkiriìmù, ó di ọ̀sán wọ́n ti padà sí Florence. Ó dùn mí nígbàkígbà tí mo bá rí wọn, nítorí pé ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ń yí ẹ̀yìn sí yẹn.

Orí òkè mẹ́ta ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí, kò sì sí odò kankan níbẹ̀. Ọ̀nà ló sọ ọ́ di ìlú ńlá. Via Francigena, ọ̀nà tí àwọn onígbàgbọ́ ń gbà láti Canterbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Róòmù, gba àárín Siena kọjá. Sigeric, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, kọ orúkọ ìlú náà sílẹ̀ mọ́ àwọn ibi tó dúró sí nígbà tó ń ti Róòmù bọ̀ ní 990. Ibi tí èrò bá ti ń wọ́ kọjá, ọjà ò ní ṣàì hù níbẹ̀. Àwọn ará Siena ṣòwò, wọ́n yá ọba àti póòpù lówó, wọ́n sì là. Báńkì Monte dei Paschi, tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1472, ló pẹ́ jù nínú gbogbo báńkì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ láyé. Ojú rẹ̀ ti rí màbo lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ìjọba Ítálì ló gbà á sílẹ̀ ní 2017, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì ṣí ní ààfin Salimbeni.

Kí ni àwọn èèyàn tí kò ní odò wá ń mu? Ẹ̀yin tí ẹ bá dúró ní ojú pópó ibẹ̀, ẹ rántí pé ihò wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Láti ìgbà láéláé ni àwọn ará Siena ti ń fi ọwọ́ àti irinṣẹ́ gbẹ́ ọ̀nà omi sínú ilẹ̀. Bottini ni wọ́n ń pè é, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 25 kìlómítà. Òjò tó bá rọ̀ sórí òkè á jò gba inú òkúta rírọ̀, á kán sínú ihò náà, ihò náà á sì rọra dà gẹ̀rẹ́, tí omi á fi máa ṣàn wọ̀lú fúnra rẹ̀, láìsí ẹ̀rọ kankan. Nígbà tí omi yìí kọ́kọ́ dé gbàgede ìlú ní àwọn ọdún 1340, ìlú yọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ìsun omi ibẹ̀ ní Fonte Gaia, ìsun ayọ̀. Jacopo della Quercia ló gbẹ́ ère sí i lára, ó parí rẹ̀ ní 1419. Èyí tí ẹ ó rí níta lónìí, Tito Sarrocchi ló gbẹ́ ẹ ní ìrísí ti àtijọ́ ní ọ̀rúndún 19. Ojúlówó rẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé ní Santa Maria della Scala, màá sì dé ibẹ̀ láìpẹ́. Wọ́n máa ń mú àlejò wọ inú bottini, ìwọ̀nba èèyàn lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó bá sì fẹ́ wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú.

Ní apá ìsàlẹ̀ ìlú, ìsun omi mìíràn wà, Fontebranda. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe awọ àti àwọn aláró ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ọmọ aláró kan ní àdúgbò yẹn, tí wọ́n bí ní 1347, ni Catherine Mímọ́ ti Siena. Obìnrin tí kò lọ ilé ìwé kankan ni, ṣùgbọ́n ó kọ lẹ́tà sí póòpù, ó tún lọ bá a ní Avignon, ó ní kó padà sí ìjókòó rẹ̀ ní Róòmù. Póòpù Gregory Kọkànlá sì padà ní 1377. Ilé àwọn òbí rẹ̀ ti di ilé àdúrà, orí rẹ̀ sì wà nínú àpótí ní ìjọ San Domenico, níbi tí àwọn èèyàn ti ń kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ títí di òní.

Ẹ jẹ́ ká dé gbàgede wàyí, nítorí kò sí bí ẹ ṣe máa rìn tí ẹsẹ̀ ò ní gbé yín débẹ̀. Piazza del Campo rí bí abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí ilé ìjọba ìlú, Palazzo Pubblico, wà. Bíríkì pupa ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, ìlà òkúta funfun sì pín in sí ọ̀nà 9. Iye yẹn kò ṣèèṣì wáyé. Láti 1287 di 1355, àwọn ọkùnrin mẹ́sàn-án ló ń ṣàkóso Siena, orúkọ tí wọ́n sì ń jẹ́ náà nìyẹn: àwọn Mẹ́sàn-án. Oṣù méjì péré ni ẹni kọ̀ọ̀kan ń lò, kí ẹlòmíràn tó bọ́ síbẹ̀. Inú ilé ìjọba ni wọ́n ń gbé láàárín oṣù méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí wọn bá sọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀. Oníṣòwò ni wọ́n, wọn kì í ṣe áńgẹ́lì, wọ́n sì ti ọ̀pọ̀ èèyàn sẹ́yìn nínú ìjọba. Síbẹ̀, abẹ́ wọn ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí gbogbo ayé ń wá wò ní Siena ti di kíkọ́.

Ní 1297, wọ́n ṣòfin pé ẹni tó bá máa kọ́lé sí etí gbàgede náà gbọ́dọ̀ ṣe fèrèsé rẹ̀ pẹ̀lú òpó kéékèèké, irú ti ilé ìjọba, kò sì gbọdọ̀ yọ bákónì síta. Ẹ gbójú sókè nígbà tí ẹ bá débẹ̀, ẹ wo fèrèsé ààfin Sansedoni, ẹ ó rí i pé òfin yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ lójú yín. Láàárín 1309 sí 1310, wọ́n tún ṣe ohun kan tó wú mi lórí ju ilé èyíkéyìí lọ. Èdè Látìn ni òfin ìlú wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí akọ̀wé kan, Ranieri Gangalandi, kọ gbogbo rẹ̀ ní èdè tí ará ìlú ń sọ, ní lẹ́tà gàdàgbà tí ojú lè kà, kí tálákà tí kò gbọ́ Látìn lè wá kà á fúnra rẹ̀. Ìwé náà ṣì wà ní Siena. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó sí kóòtù rí, tí wọ́n ń fi èdè tí ẹ kò gbọ́ ṣẹjọ́ yín, ẹ mọ ìdí tí mo fi dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ilé-ìṣọ́ tó ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọba ni Torre del Mangia. Ó ga tó 87 mítà, wọ́n parí rẹ̀ ní 1348, àtẹ̀gùn tó tó 400 sì ni ẹni tó bá fẹ́ dé òkè rẹ̀ máa gùn. Orúkọ ìnagijẹ ọkùnrin tó kọ́kọ́ ń lu agogo ibẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é: wọ́n ní gbogbo owó tó bá rí ló ń jẹ. Tí ẹsẹ̀ yín bá gbà, ẹ gùn ún. Tí kò bá gbà, ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu, nítorí ohun tí ó yẹ kí ẹ fi agbára yín pamọ́ fún wà nínú ilé ìjọba náà.

Yàrá kan wà níbẹ̀, ibi tí àwọn Mẹ́sàn-án ti ń ṣèpàdé. Láàárín 1338 sí 1339, Ambrogio Lorenzetti ya àwòrán sí ògiri mẹ́ta yàrá náà, lórí ìjọba rere àti ìjọba búburú. Bí àwọn olórí bá jókòó tí wọ́n ń pète, ibi yòówù kí wọ́n kọjú sí, àwòrán náà ń wò wọ́n. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe yára jáde níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dúró níwájú ògiri tó dojú kọ fèrèsé. Ìdájọ́ Òdodo, obìnrin kan, jókòó lápá òsì pẹ̀lú òṣùwọ̀n. Okùn méjì jáde láti ara òṣùwọ̀n náà sọ̀kalẹ̀ wá sọ́wọ́ obìnrin kejì, Ìṣọ̀kan, ẹni tó gbé ìfági àwọn káfíńtà lé itan. Ìṣọ̀kan lọ́ okùn méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan, ó sì nà án sí àwọn ọmọ ìlú 24 tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, orí wọn dọ́gba. Wọ́n ń gbà á fún ara wọn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó kan tó wọ dúdú àti funfun, àwọ̀ àsíá Siena. Bàbá náà ni Ire Gbogbo Ìlú. Ẹ wo ọwọ́ àwọn ọmọ ìlú wọ̀nyẹn dáadáa: ẹnikẹ́ni kò so okùn náà mọ́ wọn lọ́rùn, àwọn fúnra wọn ló dì í mú. Àlàáfíà, obìnrin aláṣọ funfun, fẹ̀yìn tì nítòsí wọn, ó sì fi ẹ̀wù ogun ṣe ohun tó sùn lé.

Ògiri apá ọ̀tún ni ìlú tí ìjọba rẹ̀ dára. Àwọn èèyàn ń jó lójú pópó. Olùkọ́ kan ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, aṣebàtà wà ní ṣọ́ọ̀bù, bíríkìlà wà lórí àtẹ̀gùn onígi, ìyàwó tuntun ń gun ẹṣin lọ sílé ọkọ. Lẹ́yìn odi, àgbẹ̀ ń pakà, àwọn kan sì ń da ẹlẹ́dẹ̀ dúdú onílà funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká lọ sọ́jà. Irú ẹlẹ́dẹ̀ yẹn, cinta senese, ṣì wà lóko ìtòsí Siena, ẹran rẹ̀ sì wà lórí àtẹ alápatà lónìí. Ẹ yíjú sí ògiri kejì: abàmì oníwo kan jókòó sórí ìtẹ́, wọ́n ti di Ìdájọ́ Òdodo tọwọ́tẹsẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ilé ń wó, oko ti jóná. Nínú gbogbo ìlú náà, ẹnì kan ṣoṣo ni iṣẹ́ ń lọ fún, ẹni tó ń rọ ohun ìjà. Ọ̀rinrin ti ba ògiri yìí jẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ tó láti kó jìnnìjìnnì báni. Mo ti rí àwọn àwòrán tí ìyìn wọn kàn ju ti Lorenzetti lọ ní Ítálì, àmọ́ kò sí èyí tí mo rò pé ó yẹ kí olóṣèlú wa lọ dúró síwájú rẹ̀ tó èyí.

Ní 1348, àjàkálẹ̀ àrùn dé, èyí tí wọ́n pè ní ikú dúdú. Ọkùnrin ará Siena kan, Agnolo di Tura, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ ara òun lòun fi sin ọmọ òun márààrún. Ó jọ pé àrùn yẹn náà ló pa Ambrogio Lorenzetti àti Pietro ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí òun náà jẹ́ ayàwòrán ńlá. Àwọn tó yè bọ́ kọ́ ilé àdúrà kékeré onímábù sí ẹsẹ̀ Torre del Mangia láti san ẹ̀jẹ́ tí wọ́n jẹ́. Ẹ̀yin náà ó rí i.

Ibi tí ọgbẹ́ náà ti hàn jù ni kàtídírà. Ní 1339, ìlú pinnu pé kàtídírà tí àwọn ní kéré, àwọn fẹ́ kọ́ èyí tó máa tóbi débi pé ti àtijọ́ á di apá kan lára rẹ̀ lásán. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé òpó dúró, wọ́n gbé ògiri iwájú sókè. Àrùn wá pa àwọn òṣìṣẹ́, owó tán, wọ́n sì tún rí i pé ìpìlẹ̀ kò lè gbé ẹrù náà. Wọ́n pa á tì. Ògiri iwájú yẹn ṣì dúró gbọnrangandan títí di òní, kò sí ilé lẹ́yìn rẹ̀. Facciatone ni wọ́n ń pè é. Ẹ lè gun òkè ògiri náà, ọ̀nà ibẹ̀ há, ó sì ga, ṣùgbọ́n kò sí ibòmíràn tí ẹ ti lè rí gbàgede, ilé-ìṣọ́, kàtídírà àti oko tó yí ìlú ká lẹ́ẹ̀kan náà. Lójú tèmi, ó sàn ju Torre del Mangia lọ.

Kàtídírà tí wọ́n parí náà tó kéèyàn lo wákàtí méjì nínú rẹ̀. Òkúta mábù funfun àti dúdú ni wọ́n tò gẹ́gẹ́ bí ìlà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Nicola Pisano gbẹ́ pẹpẹ ìwàásù rẹ̀ láàárín 1265 sí 1268. Ìyàrá ìwé Piccolomini wà lápá òsì, Pinturicchio ló ya ìtàn ìgbésí ayé Póòpù Pius Kejì sí i lára, àwọ̀ rẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀ bíi pé àná ni wọ́n kùn ún. Michelangelo ọ̀dọ́ náà fi ère díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ lẹ ó tẹjú mọ́ jù. Àwòrán 56 ni wọ́n fi mábù ṣe sí ilẹ̀ pẹlẹbẹ, láti ọ̀rúndún 14 di ọ̀rúndún 19, bàbá kú, ọmọ bá a lọ. Wọ́n máa ń fi nǹkan bo púpọ̀ nínú rẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ èrò, ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dún ni wọ́n ń ṣí gbogbo rẹ̀, pàápàá láàárín Oṣù Kẹjọ sí Oṣù Kẹwàá. Ẹ yẹ ọjọ́ wò kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Nínú mùsíọ́mù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àwòrán ńlá tí Duccio ya fún Màríà wà. Ní 9 Oṣù Kẹfà 1311, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa, ìlú sì fi agogo àti fèrè gbé e láti ilé iṣẹ́ Duccio lọ sí kàtídírà. Ẹ rò ó wò: ìlú odindi ti ọjà pa nítorí àwòrán.

Iwájú kàtídírà gan-an ni Santa Maria della Scala, ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn tó pẹ́ jù ní Yúróòpù. Arìnrìn-àjò, aláìsàn, tálákà àti ọmọ tí òbí gbé jù sílẹ̀ ni wọ́n ń gbà síbẹ̀, wọ́n sì ń tọ́ àwọn ọmọ náà, wọ́n ń kọ́ wọn níṣẹ́, wọ́n ń fún àwọn obìnrin inú wọn ní owó ìgbéyàwó tí wọ́n bá dàgbà. Ní àwọn ọdún 1440, Domenico di Bartolo ya gbogbo iṣẹ́ yìí sí ògiri wọ́ọ̀dù ńlá ibẹ̀. Àwòrán kan wà tí wọ́n ti ń wẹ ẹsẹ̀ ọkùnrin kan tó ní ojú ọgbẹ́ gbàgì ní itan, dókítà sì ń gbé ìgò ìtọ̀ sókè síbi ìmọ́lẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Títí di ìparí ọ̀rúndún 20 ni wọ́n ṣì ń tọ́jú aláìsàn nínú ilé yìí, lábẹ́ àwọn àwòrán yẹn. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó wà níbí, ẹ má ṣe fo ibẹ̀.

Mo dé ibi tí mo ń lọ wàyí. Siena pín sí àdúgbò 17, contrada ni wọ́n ń pè é. Violante Beatrice ti Bavaria, tó jẹ́ gómìnà ìlú nígbà náà, ló fi àṣẹ pààlà wọn ní 1729, ààlà náà kò sì tíì yẹ̀. Contrada kọ̀ọ̀kan ní ìjọ tirẹ̀, mùsíọ́mù tirẹ̀, ìsun omi tirẹ̀, àwọ̀ àsíá tirẹ̀, olórí tí wọ́n dìbò yàn, àti ẹranko tàbí nǹkan tó fi ń ṣe àmì: ẹyẹ idì, òwìwí, àgùnfọn, òòrẹ̀, ìkookò, àgbò, àgbánréré. Contrada tó ń jẹ́ Torre, ìyẹn Ilé-ìṣọ́, fi erin tó gbé ilé-ìṣọ́ sẹ́yìn ṣe tirẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá bí ní àdúgbò á gba omi ìsàmì ní ìsun omi wọn, yàtọ̀ sí èyí tó gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á sì ta gèlè aláwọ̀ contrada mọ́ ọn lọ́rùn. Ikú, ìgbéyàwó, àìríṣẹ́ṣe, ìdánwò ilé ìwé, gbogbo rẹ̀ ni àdúgbò ń bá ọmọ wọn gbé.

Púpọ̀ nínú àwọn contrada ló ní ọ̀tá, aládùúgbò wọn ló sì sábà máa ń jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ àlọ́ dàgbà, inú yín á dùn sí èyí: Chiocciola ni Ìgbín, Tartuca ni Ìjàpá, wọ́n múlé ti ara wọn, wọ́n sì kórìíra ara wọn láti ayébáyé. Ọmọ Ìgbín kò jẹ́ wọ àwọ̀ Ìjàpá.

Ìgbà méjì lọ́dún, ní 2 Oṣù Keje àti 16 Oṣù Kẹjọ, wọ́n máa ń sá eré ẹṣin ní gbàgede ìlú, èyí tí wọ́n ń pè ní Palio. Wọ́n á da iyẹ̀pẹ̀ sí etí gbàgede náà, wọ́n á kì í. Mẹ́wàá nínú contrada 17 ló ń sáré lẹ́ẹ̀kan: méje tí wọn kò sáré ní irú ọjọ́ yẹn lọ́dún tó kọjá, àti mẹ́ta tí wọ́n fi gègé mú. Gègé náà ni wọ́n fi ń pín ẹṣin lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú, nítorí náà owó kò lè ra ẹṣin tó yára. Ẹni tó ń gun ẹṣin ni owó ń rà, wọ́n sì máa ń mú un wá láti ibòmíràn. Contrada kan lè sanwó fún ẹlẹ́ṣin ẹlòmíràn pé kó dí ọ̀tá àwọn lọ́nà, gbogbo ayé ló mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀, àṣà wọn gbà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ eré, wọ́n á mú ẹṣin wọ inú ìjọ àdúgbò. Gbogbo èèyàn á dákẹ́ kí ẹṣin má bàa bẹ̀rù. Àlùfáà á gbàdúrà sí i, á wá kígbe mọ́ ọn pé kó lọ, kó sì ṣẹ́gun bọ̀. Bí ẹṣin bá yàgbẹ́ sínú ìjọ, ire ni wọ́n kà á sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwọ́de, aṣọ ayé àtijọ́, ìlù, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ju àsíá sókè tí wọ́n ń fọwọ́ hán an. Ìbẹ̀rẹ̀ eré náà fúnra rẹ̀ lè gba wákàtí kan: ẹṣin mẹ́sàn-án á tò sáàárín okùn méjì, ẹ̀kẹwàá á dúró sẹ́yìn, ìgbà tó bá wù ú ló máa sáré wọlé kí okùn tó já sílẹ̀. Kò sí gàárì lẹ́yìn ẹṣin. Wọ́n á yí gbàgede ká lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní tó ìṣẹ́jú méjì, ó parí. Ẹṣin tó bá kọ́kọ́ dé ló borí, kódà bí ẹlẹ́ṣin bá ti ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀bùn rẹ̀ ni àsíá sílíkì kan tí ayàwòrán ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn fún ọdún yẹn, kò sí kọ́bọ̀ mọ́ ọn. Contrada tó borí ló tún máa ná owó rẹpẹtẹ. Torre borí ní 1961, kò tún rí i mú mọ́ títí di 2005. Ẹni tí wọ́n bí ní àdúgbò yẹn ní 1962 ti lé ní ẹni ogójì ọdún kó tó mọ bí ìṣẹ́gun ṣe rí.

N kò ní fi òdìkejì rẹ̀ pamọ́ fún yín. Ẹṣin máa ń fara pa, àwọn mìíràn sì ti kú, pàápàá ní igun San Martino tó dà gẹ̀rẹ́ tó tún yí bìrí. Àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ẹranko ti ń pariwo lé e lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìlú ti fi tìmùtìmù bo ògiri igun náà, dókítà ẹranko sì ń yẹ ẹṣin wò kí wọ́n tó gbà á. Mo gbà pé ó yẹ kí ariwo náà máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí wọ́n fòpin sí Palio, kó mọ̀ pé eré ẹṣin nìkan kọ́ ni wọ́n máa pa, nítorí ìjọ, mùsíọ́mù, ìsun omi àti ìrànlọ́wọ́ ara ẹni tí mo kà sílẹ̀ yẹn, orí rẹ̀ ni gbogbo wọn rọ̀ mọ́. Ní 2020 àti 2021 tí Kòrónà kò jẹ́ kí wọ́n sáré, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó dánu dúró látìgbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Fún ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ: ọkọ̀ ojú irin láti Florence kò ju wákàtí kan àbọ̀ lọ, bọ́ọ̀sì sì ń já yín sí ibi tó súnmọ́ àárín ìlú ju ìyẹn lọ. Ẹ̀yin àgbà tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, àtẹ̀gùn tó ń fúnra rẹ̀ gbéni lọ wà láti ibùdókọ̀ ojú irin dé òkè. Mọ́tò àlejò kì í wọ àárín ìlú, nítorí náà bàtà pẹlẹbẹ ni kí ẹ wọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì kan wà tó kó kàtídírà, mùsíọ́mù, ìyàrá ìwé àti Facciatone pọ̀, òun ni kí ẹ rà. Ẹ sùn síbẹ̀, ó kéré tán alẹ́ kan, kí ẹ lè rí ìlú nígbà tí bọ́ọ̀sì bá ti lọ. Tí ó bá jẹ́ ọjọ́ Palio lẹ fẹ́, ọ̀fẹ́ ni àárín gbàgede, ẹ ó sì dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí nínú oòrùn, kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbẹ̀. Ìjókòó orí àtẹ̀gùn onígi àti ojú fèrèsé wọ́n gan-an. Ẹ kọ̀wé sí contrada kan ṣáájú pé ẹ fẹ́ wo mùsíọ́mù wọn. Ọmọ àdúgbò fúnra rẹ̀ ló máa ń ṣí ilẹ̀kùn, òun ló sì máa sọ ìtàn àsíá kọ̀ọ̀kan tí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ gbà wálé.

Ẹni tí àyè rẹ̀ bá bọ́ sí Oṣù Kẹsàn-án tàbí Oṣù Kẹwàá lè bá àsè ìṣẹ́gun pàdé. Wọ́n á to tábìlì sí gbogbo ojú pópó contrada tó borí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn á jókòó, ẹṣin tó ṣẹ́gun á sì dúró ní àyè ọlá pẹ̀lú ìbùjẹ tirẹ̀, á máa jẹun bí wọ́n ṣe ń jẹun. Ìbéèrè yín dà? Mo ti rí ìyá kan tó nawọ́ láti ìgbà tí mo ti dárúkọ Ìgbín àti Ìjàpá.